Ẹni Tó Sin Aneesah Lọ sí Margilan

Aṣọ tó ń purọ́ ni Alhaja Sẹ̀gilọlá kórìíra jù láyé. Ènìyàn tó ń purọ́, ó lè gbójú fò ó, ó tiẹ̀ lè bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí aṣọ pe ara rẹ̀ ní sílíkì, kó wá jẹ́ pé ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún, ìyẹn ò ní í jẹ́ kó jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ wá wo bí inú ṣe bí i lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó kan gbé aṣọ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tẹ́júoṣó, tí àwọ̀ pupa ti ṣí sára funfun, tí obìnrin náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Alhaja bẹ̀ ẹ́ títí, ó fún un ní aṣọ mìíràn, ó sì sìn ín dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà gòkè, ó jókòó, ó wo Aneesah ọmọ rẹ̀ lójú.

"Ta ló ta èyí fún wa?"

"Ẹni tó ń kó ọjà Dubai náà ni, Màmá. Ó ní Uzbekistan lòun ti rà á."

"Uzbekistan ibo? Ìlú tí wọ́n ti ń hun ún ò lórúkọ?"

Ó lórúkọ, Aneesah sì mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tó ti ń wo àwọn ahunṣọ ìlú náà lórí fóònù rẹ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń fa òwú lára ilé kòkòrò sílíkì nínú omi gbígbóná. Ó máa ń rán an létí ìtàn tí Alhaja máa ń sọ nípa bàbá tó bí Alhaja fúnra rẹ̀, tó ń hun sányán n'Ísẹ́yìn láyé àtijọ́.

"Margilan ni," ló fi dáhùn.

"Ó dáa. Wàá lọ síbẹ̀. Wàá fojú rí i, wàá fọwọ́ kàn án, wàá sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Ká ní orúnkún mi ṣì gbà fún mi ni, èmi gan-an ni ǹ bá lọ."

Alhaji Yẹ̀kínnì, bàbá Aneesah, ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó délé. Télọ̀ ni ní Mushin kí ojú rẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́, ó sì ní sùúrù, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo tó ní, sùúrù rẹ̀ kì í gùn. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dá òun lóhùn, pé ọmọbìnrin òun ò ní í dá rìn lọ sí ibi tí òun ò lè pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ.

"Ta ló ní kó dá lọ?" Alhaja ń bó ẹ̀gúsí nínú àwo, kò gbójú sókè. "Najeem á sìn ín lọ."

Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé. "Tó bá jẹ́ Najeem ni, kò sí wàhálà."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Aneesah dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì di ẹnu rẹ̀ mú kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ilé kan náà ni Najeem àti Aneesah gbé dàgbà ní Mushin, yàrá wọn dojú kọ ara wọn. Najeem fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, Àràmídé ìyá rẹ̀ ló sì fi òwò ata gígún tọ́ ọ títí tó fi jáde ìwé. Nígbà tí àwọn Alhaja kó lọ sí Ìpọ̀nrí, kò sí Jímọ̀ tí Najeem kì í yà kí wọn lẹ́yìn ìrun. Báyìí, iléeṣẹ́ tó ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Úmúrà ló ti ń ṣiṣẹ́ l'Ójúẹlẹ́gbà, kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí bí ìdí tí Alhaja fi yàn án. Ṣùgbọ́n Aneesah ní ìdí mìíràn lọ́kàn. Ó ti fẹ́ràn Najeem láti ìgbà tó wà ní yunifásítì l'Ákọ́kà, kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Bí bàbá òun, tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin kankan fi mọ́tò gbé òun dé ẹnu géètì, bá lè fi òun lé Najeem lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn odi, kí ni kí ènìyàn tún rò? Àwọn òbí mi ti rí i, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ má bá mi dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tó lè rò ó sí nǹkan mìíràn?

Òtútù ló kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀ sí Margilan. Ìlú pẹ̀lẹ́tù ni, igi kéékèèké tí kòkòrò sílíkì ń jẹ ewé rẹ̀ tò lọ lẹ́bàá títì, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń gbé ọwọ́ lé àyà kí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Nigora, ọmọbìnrin tó ń túmọ̀ èdè fún wọn, gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ̀rín sì máa ń yá a. Òun ló mú wọn lọ sí ilé Màmá Mastura, ìyá àgbà kan tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ń hunṣọ nínú àgbàlá wọn.

Nígbà tí Aneesah rí àwọn ilé kòkòrò náà nínú ìkòkò omi gbígbóná, tí òwú ń jáde lára wọn tín-ín-rín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ó sún mọ́ ọn. Ó bọ ìbọ̀wọ́, ó jẹ́ kí òwú náà gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, ó wù ú pé kí orúnkún yẹn má dùn ún.

Nigora nawọ́ sí aṣọ kan tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. "Èyí ni adras."

"Rárá o," ni Aneesah wí. "Mo mọ àdìrẹ. Abẹ́òkúta ni àdìrẹ ti ń wá. Èyí ò jọ àdìrẹ rárá."

"Adras," ni Nigora tún wí.

"Mo ní kì í ṣe àdìrẹ."

Najeem rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Aneesah, gbogbo ọ̀nà tá a rìn yìí, o ṣì fẹ́ fi Abẹ́òkúta bá wọn jà nínú ilé wọn."

Ó ṣàlàyé fún Nigora, Nigora ṣàlàyé fún Màmá Mastura, ìyá àgbà náà sì fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn di òwú ní ìdì ìdì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí wọ́n á tú u, tí wọ́n á tún un dì, tí wọ́n á tún un rẹ. Aneesah fọwọ́ kan ìdì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Wọ́n ń dì í, wọ́n ń rẹ ẹ́," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ̀gbọ́n Najeem, àdìrẹ náà ni o. Àfi pé aṣọ làwa máa ń dì, àwọn ń di òwú kí wọ́n tó hun ún."

"Ṣé kí n bá ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́."

Ibi oúnjẹ ọ̀sán ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, bó bá jẹ́ wàhálà lèèyàn máa pè é. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n gbé tíì àti èso gbígbẹ wá. Màmá Mastura wo Aneesah, ó wo Najeem, ó sì bi Nigora ní nǹkan kan. Nigora ní ìyá fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí jẹ́ sí Aneesah.

Aneesah ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wọn, pé bí àwọn ṣe ń pe ẹni tó ju ẹni lọ nìyẹn. Nigora ní àwọn náà ní irú rẹ̀, aka ni wọ́n ń pè é. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ojú ìyá àgbà sì tàn. Ó pariwo pe àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì ribiti kan wá tí wọ́n ti fi nǹkan tẹ iṣẹ́ ọnà sí láàárín, ó fi etí kan lé Aneesah lọ́wọ́, ó fi ìkejì lé Najeem lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fà á.

Àlejò tó gbọ́n kì í bi onílé léèrè lórí oúnjẹ. Wọ́n fà á, ó sì ya sí méjì. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́, wọ́n da súìtì lé wọn lórí, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

"Wọ́n mà ń ṣe ènìyàn o," ni Aneesah wí, tó ń ṣa súìtì lára ìborùn rẹ̀. "Nigora, ṣé gbogbo àlejò ni wọ́n máa ń ṣe é fún?"

Nigora fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní kì í ṣe gbogbo àlejò. Ọjọ́ tí ẹbí bá gbà láti fi ọmọbìnrin wọn fún ọkọ ni wọ́n máa ń fa búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Ó ní aka tí òun fi túmọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí, òun náà lọ̀pọ̀ obìnrin ìlú àwọn fi ń pe ọkọ wọn, ìyá àgbà sì ti rò pé ojú ló ń ti ọmọ náà ni kò fi là á mọ́lẹ̀.

Ká ní ilẹ̀ lè lanu, Aneesah ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Najeem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bá mi bi ìyá," ló wí fún Nigora. "Tá a bá sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, ṣé búrẹ́dì náà lè lẹ̀ padà?"

Nigora bi í. Màmá Mastura mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó sì bu tíì sí i fún wọn. Ó ní kò lè lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Nigora ti lọ síwájú, àwọn méjèèjì ń rìn lábẹ́ àwọn igi náà. Inú àpò ẹ̀wù òtútù ni Najeem ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀.

"Aneesah. Èmi ò fẹ́ kó lẹ̀."

Ó gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún un gbọ́. "Kí lẹ wí?"

"O gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi, ẹ̀rù ń bà mí pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n Najeem..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Sọ pé o gbọ́ ná. A máa wá orúkọ."

Aneesah ní òun gbọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́, pé ẹnu Najeem ni òun ń dúró dè. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀, Najeem ò fọwọ́ kan ìka rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé Tashkent nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí ẹni tó ní ayọ̀ tó o nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Najeem ti pinnu pé bí àwọn bá délé, òun á rán ẹni sí Alhaja kí ìyá òun tó wá bá wọn ní tààrà.

"Wọn ò lè kọ̀," ló ń wí. "Ta ni wọ́n tún lè fi ẹ́ lé lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí Christianah ni Najeem bẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Yaba, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Òun àti Alhaja, tó máa ń pè é ní Ìyá Jeremy, ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí Tẹ́júoṣó ṣì jẹ́ ilé páàkó. Ó fẹ́ràn láti máa ṣe alárinà, ó sì máa ń sọ pé ìgbéyàwó tí òun bá bá wọn dá sí kì í tú. Ọjọ́ Ìsinmi kan ló ti ṣọ́ọ̀ṣì yà sí Ìpọ̀nrí, fìlà ńlá ṣì wà lórí rẹ̀. Aneesah gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó sì lọ dúró sí kọ̀rídọ̀ níbi tí ó ti lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Alhaja, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín," ni Àǹtí Christianah fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Jeremy, ọgbà wo? Orí àjà kẹta la wà."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ná. Ọkùnrin kan rí òdòdó yìí, ó sì ní kí n bá òun bèèrè bóyá òun lè já a. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Najeem ni."

Aneesah retí ẹ̀rín. Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbọ́ tí àga dún bí ìyá rẹ̀ ṣe dìde.

"Ìyá Jeremy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín. Ọmọ mi ni Najeem."

"Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ mú un bí ọmọ."

"Mi ò sọ pé bí ọmọ. Mo ní ọmọ mi ni. Nígbà tí wọ́n bí i, tí Àràmídé wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Ìdí-Àràbà tí kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, èmi ni mo gbé e. Mo fún un lọ́mú. Nínú ẹ̀sìn tiwa, ọmọ tí mo bá fún lọ́mú ti di ẹ̀gbọ́n ọmọ mi, kò lè fẹ́ ẹ láéláé. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí n fi ọmọbìnrin mi tẹ̀ lé e lọ sókè òkun? Torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Aneesah fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ohun tó ti pè ní ìyọ̀ǹda láti ọjọ́ yìí wá, òun gan-an ni ìdènà. Ìtìjú bò ó bó ṣe rántí búrẹ́dì tó ń ya lọ́wọ́ wọn, àti inú dídùn tó fi jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, ló ń sọ sínú ara rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Nígbà tó pe Najeem lórí fóònù, ó sọ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un.

"Ìyá mi máa ń sọ pé Màmá ló dá mi sí," ni Najeem wí. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọmú ni. Aneesah, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

"Kí Ọlọ́run forí jì wá. Ó máa dáa kí n má pè ẹ́ mọ́ fún ìgbà díẹ̀."

Ìgbà díẹ̀ náà gùn. Sílíkì Margilan tà débi pé àwọn ìyàwó ń kọ orúkọ sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ rà á ti gbẹ bí igi. Jímọ̀ ń dé, Jímọ̀ ń lọ, Najeem ò yà mọ́. Alhaja á gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe, á tún gbé e padà. Aneesah rí i pé àárò Najeem ń sọ ìyá òun náà, èyí sì jẹ́ kó ṣòro fún un láti bínú sí i. Ọ̀dọ̀ ta ni kó bínú lọ? Ìyá rẹ̀ ló ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé àánú ni kó wá máa kórìíra?

Alhaji Yẹ̀kínnì ni kò lè wò ó mọ́. Ó ní òun á pe Ààfáà Abdussalam kó wá bá àwọn ọmọ méjèèjì sọ̀rọ̀, kó là á yé wọn, kó sì gbàdúrà sí i, kí Najeem lè padà máa wá sílé gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi sí. Najeem àti Àràmídé ìyá rẹ̀ jókòó sápá kan, Aneesah jókòó lẹ́yìn ìyá tirẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Wọn ò pe Àǹtí Christianah, ṣùgbọ́n ó wá, ó ní bí òun ṣe bá wọn bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí òun bá wọn parí ẹ̀.

Ààfáà ò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń di ojú bó bá ń ronú.

"Alhaja, ìbéèrè ló kàn mí. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì nígbà tẹ́ ẹ fún un lọ́mú?"

"Ọmọ ọwọ́ ni. Wọn ò tíì kó o jáde."

"Wàrà jáde, ó sì wọ ọ̀fun rẹ̀?"

Alhaja fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ààfáà, ó fún un lọ́mú," ni Alhaji wí. "Gbogbo ilé Mushin ló mọ̀."

"Alhaji, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ọmú."

Àǹtí Christianah wúkọ́ sínú ìnujú rẹ̀. Aneesah gbé ojú sókè, ó rí ọrùn ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí Alhaja sọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa já a? Gbogbo àgbà ilé Mushin ló ti gbà á gbọ́ láti ìgbà tí Najeem ti wà láyé.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni Alhaja wí.

"Kí lo wí?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mo ní kò sí nǹkan kan nínú ọmú náà. Ó ti gbẹ." Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin náà rántí èyí tá a bí tó kú, kó tó di pé a bí Aneesah. Obìnrin ni. Ìyá yín ló fi ọ̀já di àyà mi, wọ́n ní kí wàrà má baà di àìsàn sí mi lára. Wọ́n dì í títí tó fi gbẹ pátápátá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àràmídé bímọ, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, tí wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mílíìkì inú agolo ni mo ń fi ṣíbí fún un, á pọ̀ ọ́, á máa ké. Mo wá gbé e sáyà kó lè dákẹ́. Ó mu ún, kò rí nǹkan kan, ó sì sùn."

"O ò sì sọ fún wa," ni Alhaji wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n bá a láyà mi. Wọ́n ní Alhamdulillahi, ó ti ń fún un lọ́mú, ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni pè mí ní ìyá ọmọ láti ìgbà tí tèmi ti lọ. Ó dùn mọ́ mi, mi ò sì jiyàn. Nígbà tó yá, èmi náà gbà pé mo fún un lọ́mú. Mo rò pé bí ẹnu ọmọ bá ti kàn án, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ọ̀rọ̀ wàrà rí, àfi òní."

Ààfáà di ojú, ó ronú, ó là á. "Alhaja, Ọlọ́run á san yín lẹ́san oore tẹ́ ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ọmú tí kò ní wàrà kì í sọ ọmọ di ọmọ ẹni. Kò sí nǹkan kan láàárín àwọn ọmọ yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ara wọn, kí wọ́n fẹ́ ara wọn."

Najeem ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú, kò sì mú un kúrò. Gbogbo ẹ̀rù tó ti wà láyà Aneesah láti ọjọ́ wọ̀nyí, ó tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín, kò bìkítà ẹni tó ń wo òun.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo," ni Àǹtí Christianah ń wí fún ara rẹ̀. "Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí gbogbo wa fi ń rù látọjọ́ yìí."

Àràmídé ló dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó rìn wá síwájú Alhaja, ó kúnlẹ̀, Alhaja sì sáré dì í mú pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀," ni Àràmídé wí. "Èmi ò dúpẹ́ wàrà lọ́wọ́ yín rí. Mo ń dúpẹ́ pé ọmọ mi ké, ẹnì kan sì gbé e. Ìyẹn ò yí padà."

Ibẹ̀ ni Alhaja ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí Aneesah ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Alhaji dìde lọ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó dákẹ́. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé kì í ṣe tòní nìkan ló ń sun, ọmọbìnrin tí wọn ò jẹ́ kó sunkún rẹ̀ nígbà náà wà nínú ẹkún ọ̀hún. Nígbà tó nu ojú tán, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ní ebi á ti máa pa àwọn àlejò, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Aneesah ń bá a fọ abọ́ nígbà tí Najeem wọlé. Bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, kò bi ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Alhaja fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́.

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

"Màmá?"

"Ọmọ ló ń ṣí ìkòkò mi. Páálọ̀ ni àna máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé oúnjẹ fún un." Ó fẹ́ kó jọ àwàdà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já lágbedeméjì.

Najeem dúró, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Aneesah ò wò ó, ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan yìí péré," ni Najeem wí. "Lẹ́yìn náà màá lọ jókòó."

Alhaja wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì yà fún un. Najeem ṣí ìkòkò, ó mú ẹran kan, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Alhaja dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá fi etí ìborùn rẹ̀ nu ọbẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ó tó," ló wí. "Lọ jókòó."

Najeem lọ. Alhaja gbé abọ́ tó ń tọ́jú fún àlejò pàtàkì sọ̀ kalẹ̀, ó bu oúnjẹ sí i, ó bo ó, ó sì gbé àwo náà lé Aneesah lọ́wọ́.

"Kúnlẹ̀ dáadáa o, bí o bá ń gbé e fún ọkọ rẹ."